Irin àti Fọ́nrán Nínú Ẹ̀rọ Atàtaré-Ooru Tí Ó Fúyẹ́: Ohun Tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Ń Ṣe àti Ìṣòro Tí Ó Wà Ní Oríkèé Wọn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí ẹ̀rọ atàtaré-ooru tí a fi irin àti ohun-èlò alápòpọ̀ ṣe papọ̀ kí ó lè fúyẹ́. Èrò tí ó gbilẹ̀ nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni pé irin nìkan ni ó yẹ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé irin ni ó ń gbé ooru kọjá dáadáa. Iṣẹ́ yìí fi ìṣirò hàn pé èrò náà kò tọ̀nà délẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà ní apá kan ògiri, afẹ́fẹ́ ni ó ń dá ooru dúró, kì í ṣe ògiri. Ó sì fi hàn pé ibi tí iṣẹ́ ti le jù lọ ni oríkèé tí irin àti fọ́nrán ti pàdé. Ràdíétọ̀ ọkọ̀ ni àpẹẹrẹ tí a gbé yẹ̀ wò jù lọ.

1.0 Ìfáárà

Ooru kì í dúró sójú kan. Ibi tí ó bá ti pọ̀ ni ó ti ń ṣàn lọ sí ibi tí ó ti kéré, bí omi ṣe ń ṣàn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí ìṣàn yìí yá, láìjẹ́ kí ohun gbígbóná àti ohun tútù dàpọ̀ mọ́ra wọn, ni a pè ní ẹ̀rọ atàtaré-ooru nínú iṣẹ́ yìí. Ràdíétọ̀ ọkọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn páìpù ẹ̀yìn fíríìjì tí ó máa ń gbóná, ẹ̀rọ amúlétutù tí a kàn mọ́ ògiri ọ́fíìsì, àti ẹ̀rọ tí ó ń mú epo inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú tutù.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ náà. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe ẹ̀rọ yìí túmọ̀ sí ‘apààrọ̀-ooru’, ṣùgbọ́n kò sí pàṣípààrọ̀ kankan níbẹ̀. Ohun gbígbóná ń fi ooru sílẹ̀, ohun tútù ń gbà á, kò sì sí ohun tí ohun tútù fi dípò rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tí ó ta àtaré fún ẹnìkejì rẹ̀ ni ìṣe ẹ̀rọ náà jọ jù. Ìdí nìyí tí ‘atàtaré-ooru’ fi dára ju ‘apààrọ̀-ooru’ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ àbójútó Babs Fáfúnwá, ti fi hàn pé èdè Yorùbá kò kọ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Nítorí náà, olùkọ́ tí yóò fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ní láti wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì wá èyí tí kò ní ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

2.0 Ohun-èlò alápòpọ̀

Ohun-èlò alápòpọ̀ ni èyí tí a fi ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà bí ó ṣe wà, tí kò yọ́ wọ inú èkejì. Kankéré onírin ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kankéré lágbára bí a bá gbé ẹrù lé e, ṣùgbọ́n kò gba fífà. Irin inú rẹ̀ ni ó ń bá a gba fífà. Irin ọ̀hún ì bá sì ti dípẹtà bí kì í bá ṣe pé kankéré bò ó. Nínú ohun-èlò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, fọ́nrán tín-ín-rín ni ó wà ní ipò irin, oje tí ó ń le gbagidi lẹ́yìn tí a bá ti dà á sí àárín àwọn fọ́nrán ni ó wà ní ipò kankéré. Fọ́nrán náà lè jẹ́ gíláàsì tàbí kábọ́ọ̀nù. Nígbà mìíràn, ike ni a ń lò dípò oje.

Ìwúwo ni ó kọ́kọ́ mú kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yíjú sí i. Bàbà tí ó tó lítà kan wúwo tó kílò 9 ó dín díẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà tó kílò 8, titanium tó kílò 4.5, alumíníọ̀mù tó kílò 2.7. Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù tí a fi oje pò kò ju nǹkan bíi kílò 1.6 lọ. Nínú ọkọ̀ òfurufú, kílò kan tí ẹ̀rọ bá gbà jẹ́ kílò kan tí èrò tàbí ẹrù kò ní rí gbà, epo ni a ó sì fi máa gbé e kiri ní gbogbo ọjọ́ ayé ọkọ̀ náà.

Ní ti gbígbé ooru kọjá, bàbà ni aṣáájú láàárín àwọn irin tí owó wa ká: nǹkan bí wáàtì 400 fún mítà kan fún dígírì kan. Alumíníọ̀mù jẹ́ 237, titanium jẹ́ nǹkan bíi 22, irin tí kì í dípẹtà jẹ́ nǹkan bíi 15. Ike lásán kò ju 0.2 sí 0.5 lọ. Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí a fi òwú àtọwọ́dá ṣe, tí ó wọ́pọ̀ jù, kò gbé ju nǹkan bíi 10 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú èyí tí a fi ọ̀dà ṣe ń gbé 800, àní ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn, tí ó fi ta bàbà yọ ní ìlọ́po méjì.

Ẹni tí ó bá ka èyí lè rò pé ìṣòro ti parí. Kò parí, nítorí pé gígùn fọ́nrán nìkan ni ooru ń bá lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìgbálẹ̀ tí a dì pọ̀. Ohun tí ó bá ń rìn lórí ọwọ̀ kan láti ìdí dé orí yóò yára dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ rékọjá láti ọwọ̀ kan sí èkejì, àlàfo àárín wọn ni yóò bá pàdé. Oje ni ó kún àlàfo yẹn nínú ohun-èlò alápòpọ̀, oje kò sì sàn ju ike lọ. Ìdí nìyí tí ohun-èlò kan náà fi lè gbé ooru ju bàbà lọ ní ìbú, kí ó má sì fi bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan kan ní òró. Irin kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bá kọ ojú rẹ̀ sí kò yí agbára rẹ̀ padà.

3.0 Ibodè mẹ́ta tí ooru ń gbà kọjá

Kí ooru tó kúrò nínú omi gbígbóná tí ó wà nínú páìpù bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ìta, ibodè mẹ́ta ni ó ń kọjá. Ti àkọ́kọ́ ni láti ara omi dé ara ògiri páìpù. Ti ìkejì ni láti inú ògiri fúnra rẹ̀. Ti ìkẹta ni láti ara ògiri bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Oníbodè kọ̀ọ̀kan ń dá ooru dúró ní ìwọ̀n tirẹ̀, àpapọ̀ ìdádúró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ń pinnu iye ooru tí yóò kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ògiri tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú. Fún dígírì kan tí omi bá fi gbóná ju ògiri lọ, omi tí ó ń ṣàn lè fi nǹkan bíi wáàtì 3,000 lé ògiri lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ kò lè gbà ju nǹkan bíi 50 lọ. Ìdádúró omi jẹ́ 1 pín sí 3,000, ìyẹn 0.00033, ti afẹ́fẹ́ jẹ́ 1 pín sí 50, ìyẹn 0.02. Bí ògiri bá jẹ́ alumíníọ̀mù tí ó nípọn mìlímítà kan, ìdádúró tirẹ̀ jẹ́ 0.001 pín sí 237, ìyẹn 0.000004. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìpín ògiri kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Wáàtì 49.2 ni yóò kọjá fún dígírì kan.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a yọ alumíníọ̀mù kúrò, kí a fi ike tí agbára ìgbé-ooru rẹ̀ jẹ́ 0.25 sí i, kí ó nípọn mìlímítà kan bákan náà. Agbára ike yìí fi nǹkan bí ìlọ́po 950 kéré sí ti alumíníọ̀mù. Síbẹ̀, wáàtì 41.1 ni yóò kọjá. Àdánù náà kò ju ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí a bá sì dín nínípọn ike náà kù sí ìdá márùn-ún mìlímítà, wáàtì 47.3 ni yóò kọjá, àdánù náà yóò sì wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 4. Oníbodè tí ó ń dá èrò dúró fún wákàtí kan ṣì wà níwájú; kí ẹni tí ó wà láàárín lo ìṣẹ́jú kan tàbí ìṣẹ́jú mẹ́ta kò fi bẹ́ẹ̀ yí ìrìn náà padà.

Àwọn tí ó ń se mọ́ínmọ́ín ti mọ èyí tipẹ́. Inú ewé, inú agolo àti inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń sè é, kò sì sí ẹni tí ó ń retí pé ti agolo yóò jinná ní ìdá ẹgbẹ̀rún àsìkò ti ọ̀rá nítorí pé irin ni agolo. Mọ́ínmọ́ín fúnra rẹ̀ ni ó ń dá ooru dúró níbẹ̀. (Bóyá ọ̀rá dára fún ìlera tàbí kò dára, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.) Àpẹẹrẹ yìí wúlò nínú kíláàsì ju ṣíbí irin àti ṣíbí igi tí a máa ń tì bọ inú omi gbígbóná lọ, nítorí pé ṣíbí ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdajì ọ̀rọ̀ péré.

Ìṣirò yìí kò dá ike láre níbi gbogbo. Bí ó bá jẹ́ pé omi ni ó wà ní apá méjèèjì ògiri, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbé 3,000, wáàtì 1,490 ni yóò gba inú alumíníọ̀mù kọjá, ṣùgbọ́n 214 péré ni yóò gba inú ike tí ó nípọn mìlímítà kan. Ibodè àárín ti wá di èyí tí ó le jù. Nítorí náà, kí a tó bèèrè ohun tí a ó fi ṣe ògiri, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

4.0 Lẹbẹ

Nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó ń dá ooru dúró, ọgbọ́n tí àwọn tí ó ń ṣe ràdíétọ̀ dá sí i ni láti fẹ ojú tí afẹ́fẹ́ ń kàn lójú. Wọ́n fi àwọn ìda fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sáàárín páìpù, èyí tí ó dúró bíi lẹbẹ lára ẹja. Ooru yóò jáde láti ara páìpù, yóò rìn lọ lórí lẹbẹ, afẹ́fẹ́ yóò sì máa gbà á lójú ọ̀nà.

Ibí yìí ni agbára ìgbé-ooru ti ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé ooru kò kàn gún lẹbẹ kọjá; ó ń rìn ní gígùn rẹ̀. Lẹbẹ alumíníọ̀mù tí ó nípọn ìdá mẹ́wàá mìlímítà, tí ó sì ga ní mìlímítà 5, ń ṣe iṣẹ́ tó ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí ì bá ṣe bí gbogbo ara rẹ̀ bá gbóná tó ìdí rẹ̀. Lẹbẹ ike tí ó tó o ní gbogbo ọ̀nà kò ṣe ju ìdá 10 lọ, nítorí pé ìdí rẹ̀ nìkan ni ó ń gbóná. Òkè rẹ̀ kàn ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà ni. Bí a bá po ohun kan mọ́ ike náà tí agbára rẹ̀ fi di 20, iṣẹ́ rẹ̀ yóò gòkè dé ìdá 72. Bí a bá sì to fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ọlọ́dà sínú rẹ̀ kí gígùn wọn kọjú sí ibi tí ooru ń lọ, ó lè bá alumíníọ̀mù dọ́gba. Lẹbẹ ni ibi tí àléébù fọ́nrán, ìyẹn ojú kan ṣoṣo tí ó ń gbé ooru gbà, ti di àǹfààní. Ohun tí ó ń dènà rẹ̀ ni owó, àti pé fọ́nrán ọlọ́dà máa ń ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ púpọ̀.

5.0 Ràdíétọ̀ ọkọ̀

Kò di ìgbà tí a bá dé ilé ìwádìí kí a tó rí ẹ̀rọ atàtaré-ooru tí ó pa irin àti ohun-èlò alápòpọ̀ pọ̀. Ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ó ń rìn ní títì. Láyé àtijọ́, bàbà àti idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ràdíétọ̀, òjé sì ni wọ́n fi ń jó o pọ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni alumíníọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò bàbà, tí àgbá omi òkè àti ti ìsàlẹ̀ sì di ike. Ike náà kì í ṣe ike lásán. Náílọ́ọ̀nù 66 ni, tí a fi fọ́nrán gíláàsì kéékèèké pò, tí fọ́nrán náà sì sábà máa ń tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. (Ọ̀rá tí a fi ń di ọjà, tí àwọn ènìyàn ń pè ní náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù rárá.)

Pínpín iṣẹ́ yìí mọ́gbọ́n wá. Inú páìpù àti lẹbẹ ni ooru ti ń jáde, nítorí náà alumíníọ̀mù ni ó wà níbẹ̀. Àgbá kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó pín omi sí ẹnu àwọn páìpù lọ; ó yẹ kí ó fúyẹ́, kí ó ṣe é dà sínú àwòdá kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, ìdérí rẹ̀ àti etí tí a fi ń so ó mọ́ ọkọ̀.

Bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú sí jù. Wọn kò fi àtè lẹ̀ ẹ́. Rọ́bà kan wà láàárín ike àti alumíníọ̀mù, etí alumíníọ̀mù sì ní eyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ etí ike. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun gbogbo ń fẹ̀ bí ó bá gbóná, ṣùgbọ́n kì í fẹ̀ bákan náà. Alumíníọ̀mù tí ó gùn ní mìlímítà 600 yóò fi nǹkan bíi mìlímítà kan gùn sí i bí ó bá gbóná ní dígírì 70. Náílọ́ọ̀nù lásán yóò fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìyẹn. Fọ́nrán gíláàsì inú rẹ̀ ni ó ń fà á padà kí ó lè súnmọ́ ti alumíníọ̀mù. Ìyàtọ̀ tí ó bá ṣẹ́kù, rọ́bà ni ó ń gbà á mọ́ra nígbàkúùgbà tí awakọ̀ bá ta iná sí ẹ́ńjìnnì tí ó sì tún pa á.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, rọ́bà yóò le, ike yóò gbó, omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní oríkèé. Ràdíétọ̀ bàbà ṣe é gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi òjé jó o. Ike tí ó là kò ṣe é jó. Ohun tí wọ́n bá fi lẹ̀ ẹ́ kì í sábà pẹ́. Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló gbà pé omi aláwọ̀ tí a ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì wà fún ìlú olótùútù nìkan, kí omi má bàa di yìnyín. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èròjà tí kò jẹ́ kí alumíníọ̀mù jẹ wà nínú rẹ̀, omi kànga kò sì ní in. Àṣà tí kò pa ràdíétọ̀ bàbà lára púpọ̀ ń ba ti alumíníọ̀mù jẹ́ láti inú.

6.0 Nígbà tí fọ́nrán bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù

Gíláàsì kì í gbé iná mànàmáná kọjá. Kábọ́ọ̀nù ń gbé e. Ìṣòro tuntun kan ti ibẹ̀ yọ. Ẹni tí ó bá ti tú òkúta tọ́ọ̀ṣì rí mọ̀ pé ọ̀pá dúdú kan wà láàárín rẹ̀, agolo irin kan sì yí i ká. Ọ̀pá dúdú náà ni kábọ́ọ̀nù, zinc ni agolo. Bí iná ṣe ń jáde ni agolo ń jẹ tán, títí tí òkúta náà yóò fi máa sun omi. Bí kábọ́ọ̀nù bá kan alumíníọ̀mù tí ọ̀rinrin sì wà níbẹ̀, òkúta tọ́ọ̀ṣì ni a ṣe láìmọ̀, alumíníọ̀mù ni yóò sì jẹ. Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé omi kò lè sá fún ọ̀rinrin.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni kí a fi ìda gíláàsì tẹ́ àárín wọn. Èkejì ni kí a yí irin náà padà sí titanium, tí kábọ́ọ̀nù kì í jẹ. Ọkọ̀ òfurufú Boeing 787, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2011, tí ohun-èlò alápòpọ̀ sì tó ìdajì ìwúwo ara rẹ̀, lo titanium ní ọ̀pọ̀ ibi tí alumíníọ̀mù ì bá ti kan kábọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n titanium wọ́n, ó wúwo ju alumíníọ̀mù lọ, agbára ìgbé-ooru rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́wàá ti alumíníọ̀mù. Bí ìwé ìṣirò apá kẹta bá ti yé akẹ́kọ̀ọ́, yóò mọ̀ pé èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí kò burú tó bí ó ṣe dún létí, bí ògiri bá ṣáà tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ sì wà ní apá kan.

Ìyàtọ̀ fífẹ̀ tún le sí i. Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù kì í fẹ̀ ní gígùn rẹ̀ rárá bí ó bá gbóná. Mìlímítà kan tí alumíníọ̀mù fẹ̀ lókè yẹn, gbogbo rẹ̀ ni àtè àárín wọn yóò gbà. Bí àtè bá le jù, yóò là. Bí ó bá rọ̀ jù, kò ní gba agbára omi dúró. Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo sí èyí. Oríkèé gígùn ń jìyà ju oríkèé kúkúrú lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ ń pín oríkèé gígùn sí kéékèèké.

Níbi tí kò sí omi tàbí ọ̀rinrin, àjọṣe irin àti kábọ́ọ̀nù rọrùn sí i. Sátẹ́láìtì Earth Observing-1, tí àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí òfurufú ní oṣù kọkànlá 2000, gbé pákó kan tí ó ń da ooru nù lọ. Ìda méjì tí ó jẹ́ fọ́nrán kábọ́ọ̀nù nínú oje tí a ti sun di kábọ́ọ̀nù ni ojú rẹ̀ méjèèjì, alumíníọ̀mù tí a ṣe bí afárá oyin ni ó sì wà láàárín. Kò sí afẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún tí yóò gba ooru. Ìtànṣán nìkan ni ooru ń bá jáde. Pákó náà tún jẹ́ ọ̀kan lára ògiri sátẹ́láìtì ọ̀hún, ó ń gbé ẹrù, ó sì ń da ooru nù. Sátẹ́láìtì náà ṣiṣẹ́ títí di 2017.

7.0 Ohun tí irin ṣì ní tí fọ́nrán kò ní

Oje àti ike ní ibi tí ìgbóná wọn mọ. Náílọ́ọ̀nù 66 ń yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 260, ó sì ti ń rọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná tó èyí tí ó ń jáde láti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, irin ni yóò dúró. Ilé-iṣẹ́ Reaction Engines ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó wọlé ní 2024, fi hàn ní 2019 pé a lè ṣe atàtaré-ooru tí ó fúyẹ́ láìlo fọ́nrán rárá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún páìpù irin tín-ín-rín ni wọ́n lò, ó sì mú afẹ́fẹ́ tí ó gbóná tó dígírì 1,000 tutù kí ìdá ogún ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Ìyẹn ni pé irin tí ó tín-ín-rín púpọ̀ lè jẹ́ abánidíje fún fọ́nrán, kì í ṣe irin tí ó nípọn.

Irin tún ṣe é yọ́ padà. Ẹni tí ó ń ra irin àlòkù máa ń fi òòlù gbá orí ràdíétọ̀ kí ike rẹ̀ lè já kúrò, kí ó tó gbé alumíníọ̀mù sórí òṣùwọ̀n, nítorí pé rọ́bà àti eyín wẹ́wẹ́ nìkan ni ó dè é mọ́ ọn. Èyí tí a bá fi àtè lẹ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù kò ní já bẹ́ẹ̀, irin tí ó wà lára rẹ̀ yóò sì bá a lọ sí ààtàn.